Ta Ló Mọ Ààlà Ilẹ̀ Yìí?

Lẹ́yìn àjálù ńlá, òkú ni ìjọba kọ́kọ́ máa ń kà. Tí wọ́n bá ti ka òkú tán, wọn á ka ilé tó wó, afárá tó já, iléèwé tó pa rẹ́, ọ̀nà tó gé. Iye wọn á jáde nínú ìwé ìròyìn, àwọn tó fẹ́ ṣèrànwọ́ á sì fi ṣírò owó tí wọn yóò dá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àjálù máa ń kó lọ tí kì í sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni, òun ni mo fẹ́ ro dénú: ohun tí àwọn ará àdúgbò jọ mọ̀. Ibi tí ilẹ̀ Lágbájá parí sí tí ti Tàmẹ̀dù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ta. Ẹni tí ìjà máa ń parí bó bá ti dá sí i. Ọ̀nà àbùjá tó gba ẹ̀yìnkùlé kan lọ sí odò, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí torí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbé inú fáìlì. Àárín èèyàn ló ń gbé. Bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ni ín bá wá kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, báwo ni ìjọba ṣe fẹ́ tún un kọ́?

Ní Banda Aceh, ní erékùṣù Sumatra lórílẹ̀-èdè Indonesia, ìbéèrè yìí kúrò ní ti àwọn tó jókòó ti ìwé. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun, tí ìwọ̀n rẹ̀ dé 9.1. Ní nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni ìgbì òkun tí gbogbo ayé ti mọ orúkọ rẹ̀ sí tsunami báyìí ya bo etíkun. Ní ẹkùn Aceh nìkan, àwọn tó kú pẹ̀lú àwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní 160,000. Àwọn tí kò nílé mọ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Òṣìṣẹ́ ìjọba bá omi lọ, olùkọ́ bá omi lọ, baálẹ̀ abúlé bá omi lọ. Àwọn ọ́fíìsì tó yẹ kí aráàlú sá lọ bá fún ìrànwọ́ gan-an ti di ẹrẹ̀. Gómìnà ẹkùn náà, Abdullah Puteh, wà ní àhámọ́ lórí ẹ̀sùn ìwà àjẹbánu nígbà tí omi dé, wọ́n sì dá a lẹ́bi ní ọdún 2005. Ibi tí ìjọba ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Banda Aceh, omi iyọ̀ ti wọ àwọn ìwé. Wọ́n ṣa èyí tí wọ́n rí jọ, wọ́n sọ ọ́ di yìnyín kó má baà jẹrà, àwọn onímọ̀ láti Jàpáánì sì bá wọn wá ọ̀nà láti fa omi kúrò lára rẹ̀ láìfà á ya. Iṣẹ́ sùúrù ńlá ni, mo sì bu ọlá fún àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí òkun tó dé rárá, ilẹ̀ tó níwèé ní Aceh kò pọ̀. Ẹnu àwọn ará àdúgbò ni èyí tó pọ̀ jù dúró lé, ẹnu àti igi àgbọn tí bàbá gbìn, àti ọgbà tí ìran méjì ti ń tún ṣe. Omi hú àgbọn, ó wó ọgbà. Láwọn ibòmíràn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ rì, òkun sì dúró síbẹ̀ kò padà mọ́.

Ohun tí wọ́n wá ṣe ló jẹ́ kí n máa ronú lórí Aceh láti ọjọ́ yìí wá. Wọn kò kọ́kọ́ rán awọnlẹ̀ jáde. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní gampong, àwọn tó kù láyé ló jáde pẹ̀lú baálẹ̀ wọn, bí baálẹ̀ bá ṣì wà. Wọ́n rin ilẹ̀ náà. Ẹnì kan á dúró, á ní ibí ni tèmi dé. Aládùúgbò rẹ̀ lápá ọ̀tún á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ti òsì á ní ó kù díẹ̀, sún un wá síhìn-ín. Wọ́n á kan èèkàn mọ́lẹ̀, wọ́n á ya àwòrán ilẹ̀ náà bí ọwọ́ wọn ṣe mọ̀ ọ́n yà, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á sì gbé e síta kí ẹni tó bá ní àríwísí lè sọ ọ́. Ìgbà tí èyí bá parí ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ dé láti fi òǹtẹ̀ lu ohun tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan lé. Owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè dá jọ sọ́dọ̀ Báńkì Àgbáyé ni wọ́n fi ṣe é. Iṣẹ́ náà fà gan-an, kò sì dé ibi tí wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé ilẹ̀ tó lé ní 200,000 ló jáde.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ìjọba tó ní ọmọ ogun, tó ní mínísítà, tó lè fi ẹ̀rọ ojú sánmà wo gbogbo etíkun, ní láti bi apẹja tí ìyàwó rẹ̀ kú ní ibi tí ilé rẹ̀ wà. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó tún jìn ju ìyẹn lọ ni irú òtítọ́ tí ìdáhùn apẹja yẹn jẹ́. Ṣé ó rántí ibi tí ààlà wà lóòótọ́, kí ilẹ̀ tó mì, kí gbogbo ohun tó fi ń dá ibẹ̀ mọ̀ tó lọ? Bí ìdílé odindi kan ti kú tán lápá ọ̀tún, tí kò sí ẹni tí yóò ní rárá, kí ni yóò dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró kó má rìn kọjá ààlà? Mo gbà pé àwọn kan rìn kọjá. Mo sì gbà pé àwọn tó pọ̀ jù kò rìn kọjá, torí pé ojú ń wò wọ́n, torí òkú, torí Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kódà ibi tí wọn kò ti purọ́, mi ò rò pé ìlà àtijọ́ gan-an ni wọ́n rí padà. Ìlà tuntun ni wọ́n jọ fà, wọ́n sì jọ gbà pé òun ni ti àtijọ́. Ohun tó sọnù kì í ṣe ìlà náà. Agbára láti dúró lójú kan pẹ̀lú aládùúgbò ẹni, kí ẹ sì jọ ní, 'Ó dé ibí', ló sọnù. Ìyẹn ni wọ́n tún kọ́ lórí ilẹ̀ tó ṣófo yẹn, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ńtì.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa nílẹ̀ Yorùbá. Pèrègún ni à ń gbìn sí ààlà oko, ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá délé ẹjọ́, pèrègún nìkan kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn tó bá onílẹ̀ pààlà ni adájọ́ máa ń fẹ́ gbọ́ ẹnu wọn. Ìlú tí àwọn alábàápààlà bá kú tán, onílẹ̀ ibẹ̀ á wà láàyè, ilẹ̀ rẹ̀ á sì ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn lé lórí.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn ààlà yẹn ní Aceh, àwọn amètò ìjọba ní Jakarta ti ya ètò tiwọn. Nínú ètò tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2005, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ilé mọ́ láàárín kìlómítà méjì sí òkun. Lórí ìwé, ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Òkun tó pa èèyàn lánàá lè tún pa á lọ́la. Àwọn ará etíkun kò sọ pé òkun kò léwu mọ́. Àwọn ló mọ ewu rẹ̀ ju gbogbo ayé lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n padà, wọ́n ta àgọ́ sórí ìpìlẹ̀ ilé wọn, wọn kò sì dìde. Inú òkun ni oúnjẹ apẹja wà, abẹ́ iyanrìn yẹn sì ni àwọn èèyàn wọn tí wọn kò rí sin wà. Ìjọba ju ètò náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kọ́ àwọn ilé gíga tó ní òpó nínípọn, tí omi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí èèyàn lè sá gùn bí ilẹ̀ bá tún mì. Mi ò ní sọ pé àwọn ará etíkun ló jàre nínú ọ̀rọ̀ omi. Ohun tí mo rí ni pé ètò yẹn mọ òkun, kò mọ àwọn tó ń ti inú rẹ̀ jẹun, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n kí wọ́n tó fa ìlà rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2005 ni Ààrẹ Susilo Bambang Yudhoyono dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa darí àtúnkọ́ Aceh àti erékùṣù Nias, èyí tí ìmìtìtì ilẹ̀ mìíràn kọlù ní oṣù Kẹta. BRR ni ìkékúrú orúkọ rẹ̀ lédè wọn. Kuntoro Mangkusubroto ni wọ́n fi ṣe olórí, ẹni tó ti ṣe mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì àti agbára rí, tó sì ti darí iléeṣẹ́ iná mànàmáná orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n fún un ní ipò mínísítà, ọ̀dọ̀ Ààrẹ tààrà ló sì ń jábọ̀ fún. Nínú gbogbo bí wọ́n ṣe to àjọ náà, ohun méjì ló gbà mí lọ́kàn jù. Banda Aceh ni wọ́n fi olú iléeṣẹ́ rẹ̀ sí, wọn kò fi sí Jakarta. Ọdún mẹ́rin péré sì ni òfin fún un: ó ti mọ ọjọ́ tí yóò kógbá sílé kó tó gba òṣìṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

Owó tí àwọn orílẹ̀-èdè àti àwọn aláàánú ṣèlérí fún Aceh àti Nias tó bílíọ̀nù méje dọ́là. Àwọn àjọ aláàánú rọ́ dé bí eṣú, ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, oníkálukú pẹ̀lú àsíá rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ilé tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ní kó ná owó rẹ̀ tán. Àwọn kan kọ́ ilé tó dára, àwọn kan kọ́ èyí tí kò ṣeé gbé. Àwọn kan pín ọkọ̀ ojú omi tí apẹja kankan kò lè gbé wọ òkun. Níbì kan, àjọ mẹ́ta ń jìjàdù láti kọ́lé fún abúlé kan ṣoṣo. Níbòmíràn, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Àwọn àgbà ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyà ta ni ọwọ́ ń sọ? Bí ọwọ́ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oníkálukú sì ń lu ibi tó wù ú, ẹni tí wọ́n ń lù ló máa dùn.

Ibí yìí ni mo rí iṣẹ́ ìjọba gan-an nínú àtúnkọ́. Bíríkì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì jù; ẹlòmíràn lè ra bíríkì. Ohun tí ìjọba nìkan lè ṣe ni láti sọ fún ẹni tó gbé ẹ̀bùn dání pé: rárá, kò síbẹ̀, lọ sí abúlé tọ̀hún. Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù lẹ́nu ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàánú fún nìyẹn. BRR ní agbára láti sọ ọ́: kò sí àjọ tó lè dá iṣẹ́ kalẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé ohun tó fẹ́ ṣe wá síwájú wọn. Wọ́n pinnu pé ilé ẹnì kan kò gbọdọ̀ kéré ju mítà onígun mẹ́rin 36 lọ. Wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún gbígbógun ti rìbá, gbogbo òṣìṣẹ́ sì buwọ́ lu ìwé pé àwọn kò ní gbà á. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn falẹ̀, àjọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni òun náà ti jẹ́bi púpọ̀ nínú ohun tó ń bá àwọn ẹlòmíràn wí: agbaṣẹ́ṣe tó sá, òrùlé tó ń jò. Ní òpin gbogbo rẹ̀, ilé tó tó 140,000 ló dúró.

Àjọ yìí kan náà kọ́kọ́ ṣìnà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé, mo sì rò pé àṣìṣe yẹn ní ẹ̀kọ́ ju gbogbo ohun tí wọ́n ṣe dáadáa lọ. Ilé ni wọ́n ń fún ẹni tó nílé tí omi wó o. Ẹni tó háyà yàrá ńkọ́? Wọ́n ní kò ní ilé tẹ́lẹ̀, kí ni omi gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó bá òfin mu. Ó bá ìṣirò mu. Ìyàwó ilé tó ti gbé yàrá kan fún ọdún gbọọrọ, tó bímọ níbẹ̀, tó mọ ẹni tó ń tajà àwìn fún un, tí àwọn aládùúgbò mọ ìkọ́ rẹ̀ yàtọ̀ lóru, wọ́n wá sọ fún un pé kò pàdánù nǹkan kan. Àwọn ayálégbé fi ẹ̀hónú hàn. Àjọ náà kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ lọ̀ wọ́n, nígbà tó yá ó gbà pé ó yẹ kí àwọn ayálégbé náà nílé. Mo ń wo ìyípadà yẹn bí ìgbà tí ìjọba kọ́ ohun kan nípa ara rẹ̀. Bí ohun tí àjálù kó lọ bá jẹ́ dúkìá nìkan, ẹni tí kò ní dúkìá kò sí nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ipò ẹni láàárín àwọn ẹlòmíràn ni àjálù ń gbà lọ́wọ́ ẹni, kò sí ẹni tó kéré jù láti pàdánù.

Èyí náà ló jẹ́ kí n gbà pé àdéhùn àlàáfíà ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 2005 wà lára àtúnkọ́, bí kò tilẹ̀ sí bíríkì nínú rẹ̀. Láti ọdún 1976 ni àwọn tó ń jà fún òmìnira Aceh ti ń bá ìjọba Indonesia jagun. Ní Helsinki, pẹ̀lú Martti Ahtisaari tó ti ṣe ààrẹ Finland rí gẹ́gẹ́ bí onílàjà, wọ́n fọwọ́ sí i pé ó tó. Ẹnikẹ́ni kò lè rin ààlà pẹ̀lú aládùúgbò tó ń bẹ̀rù pé ó lè tọ́ka òun fún ṣọ́jà.

Erékùṣù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ etíkun Aceh tó ń jẹ́ Simeulue. Ó sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì ju Banda Aceh lọ, àwọn èèyàn ibẹ̀ sì lé ní 70,000. Èèyàn méje péré ló kú níbẹ̀ ní ọdún 2004. Ní ọdún 1907, òkun ti ya bò wọ́n rí, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn. Àwọn tó kù fún ohun náà lórúkọ, smong, wọ́n sì fi í sínú orin àti ìtàn tí ìyá ń sọ fún ọmọ. Bí ilẹ̀ bá mì gan-an, tí òkun sì fà sẹ́yìn, ẹ sá gun òkè. Ó tó ọdún 97 kí ìmọ̀ náà tó tún wúlò. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, kì í ṣe ìwé ìjọba ló tọ́jú rẹ̀, síbẹ̀ kò sọnù. Mo máa ń bi ara mi bóyá àtúnkọ́ tó dára jù lọ lẹ́yìn 1907 kò ní jẹ́ èyí tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ṣe.

Ní Ìbàdàn, orúkọ omi wà lẹ́nu wa náà. Àwọn àgbà ṣì ń fi omíyalé Ògùnpa ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, nígbà ìjọba Bọ́lá Ìgè, ka ọjọ́ orí ọmọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò wákàtí díẹ̀ tún pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní ìlú kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni Báńkì Àgbáyé yá ìjọba ní igba mílíọ̀nù dọ́là, ní ọdún 2014, fún àbójútó omíyalé. Wọ́n tún afárá ṣe, wọ́n la ojú odò. Iṣẹ́ tó ṣe kókó ni. Ṣùgbọ́n láàárín 1980 sí 2011, wọ́n ta ilẹ̀ etí odò, wọ́n rà á, wọ́n kọ́lé sí i, àwọn àgbà tó mọ ibi tí omi máa ń gbà sì wà láàyè ládùúgbò. Ìrántí wà, ibi tí yóò gbà dé iwájú ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ ni kò sí.

Ní Aceh, ní oṣù Kẹrin ọdún 2009, BRR kógbá sílé gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Wọ́n gbé ọ̀nà, iléèwé àti ilé ìwòsàn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, tòun ti ẹrù ìtọ́jú wọn tó wúwo jù fún àpò àwọn ìjọba náà. Àwọn kan gbà pé ó yẹ kó pẹ́ sí i. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Àjọ tí kò ní ọjọ́ ìparí á sọ àjálù di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, á sì máa rí àwọn èèyàn bí ẹni tí omi ń gbé lọ títí láé. Ó yẹ kí ẹni tí a ràn lọ́wọ́ padà di ẹni tí yóò máa bá ìjọba tirẹ̀ jà lórí ọ̀nà tó bàjẹ́, bíi ti gbogbo aráàlú.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ tí wọ́n rí ní Aceh kò rìn jìnnà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ilẹ̀ mì ní Palu, ní erékùṣù Sulawesi, ní orílẹ̀-èdè Indonesia kan náà, pẹ̀lú ìwọ̀n 7.5. Òkun yà wọ ìlú. Ní àdúgbò Petobo àti Balaroa, ilẹ̀ tó gbẹ di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn, ó sì gbé ilé mì tèèyàntèèyàn. Lápapọ̀, àwọn tó kú àtàwọn tí wọn kò rí mọ́ lé ní 4,000. Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, àlàyé wọn sì péye. Ṣùgbọ́n àwọn Kaili tó ni ilẹ̀ yẹn ti ní orúkọ fún un láti ayébáyé: nalodo ni wọ́n ń pe ilẹ̀ tó bá gbé nǹkan mì bẹ́ẹ̀. Orúkọ ti wà kí ilé tó wà. Lẹ́yìn àjálù náà, ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé mọ́ sí àwọn ibi tó rì, wọ́n sì kọ́ ilé tuntun fún àwọn èèyàn ní Duyu, ní Tondo àti ní Pombewe. Àṣẹ yìí jọ ti kìlómítà méjì tí wọ́n pa ní Aceh, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ sí i: lórí ọ̀rọ̀ ti Palu, àwọn tó ni ilẹ̀ ti sọ ohun tí ilẹ̀ náà ń ṣe kí ìjọba tó ya máàpù rẹ̀, àwọn tó fọwọ́ sí ilé kíkọ́ níbẹ̀ ni kò bi wọ́n.